Síkúrù Kẹrin

Mẹ́ta ti jáde. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ọmọrí ìgò jáàmù,
idẹ ni wọ́n, epo ti dúdú lára wọn,
wọn kò bá mi jà.
Ẹ̀kẹrin ni mo fi Sátidé méjì wò lójú.
Òun náà ń wò mí.

Ìta funfun báláú. Yìnyín ti bo oko àjàrà títí dé ọ̀nà Znojmo.
Sítóòfù ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi,
kábúrétọ̀ alùpùpù Bàbá Àgbà sì wà lórí tábìlì
bí adìẹ tí a hu ìyẹ́ rẹ̀ tó ku díẹ̀.

Mo da òróró sí i. Mo sùn, mo jí, mo tún dà á.
Mo fi hámà kékeré kàn án lórí, kò, kò, kò,
bí ẹni ń kanlẹ̀kùn onígbèsè:
ó wà nílé, kò dáhùn.
Mo wá bínú.
Ẹni tó bá ti bínú sí síkúrù rí
mọ ohun tó kù:
síkúdiráfà yọ̀, ó gé mi ní àtàǹpàkò,
ẹnu tó wà lórí síkúrù di ẹnu arúgbó,
kò sí eyín tí irin lè dì mú mọ́.

Květa wọlé láìkanlẹ̀kùn.
Ọgbọ̀n ọdún ló fi tún katakata ṣe fún ẹgbẹ́ àgbẹ̀;
ọmọńdinrín rẹ̀ kan kò ká mọ́.
Kò kí mi. Ó gbé kábúrétọ̀ lọ sójú fèrèsé.
“Ta ló ní kí o máa fi iná sun síkúrù?
Ilé ni kí o mú gbóná, kì í ṣe àlejò.
Bí ilé bá fẹ̀, àlejò á rí ọ̀nà mí.”
Ó fi abẹ́ ayùn ya ẹnu tuntun fún un,
ó ká iná mọ́ alumíníọ́mù yíká,
ó ní, “Ó yá. Dè é.”

Mo ní, “Kí n tú u?”

“Mo ní kí o dè é. Díẹ̀ báyìí.
Ohun tó ti fi ogójì ọdún kọ̀ láti lọ,
kọ́kọ́ jẹ́ kó rò pé o fẹ́ kó dúró.”

Mo dè é.
Ó ké: káú.
Bí ìgbà tí eyín bá fọ́ egungun adìẹ.
Mo wá yí i sósì,
ìdajì, òróró, ìdajì, òróró,
a kò sọ̀rọ̀, èémí wa ń rú bí èéfín.

Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́, ó gbóná, ó ṣàjèjì.
Kì í ṣe idẹ. Irin ni.
Ó gùn ju àwọn yòókù lọ, kò bá wọn tan;
ẹnìkan ló fi tipátipá tì í wọlé.
Květa gbé e súnmọ́ gíláàsì ojú rẹ̀,
ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á.
“Bohumír! Olè! Ti ẹ̀rọ ìránṣọ Libuše nìyí!”

Kí n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ ni ẹ̀rọ yẹn ti ń gbọ̀n.
Bébà tí a ká ní mẹ́rin ni Ìyá Àgbà fi ń ti ẹsẹ̀ rẹ̀.
Mo rántí ọjọ́ tí ó wá síkúrù náà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì,
mo rántí Radim, ẹ̀gbọ́n mi, tó dojú kọ ògiri,
àwa yòókù ń jẹ kéèkì,
Bàbá Àgbà wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn,
kò ṣí ojú ìwé kankan.

Mo mú un lọ sílé ìdáná.
Ìyá Àgbà ń bó ànàmọ́. Ó nu ọwọ́, ó gbà á,
ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.
“Alùpùpù ńkọ́? Ṣé á rìn?”
Mo ní ihò tó wọ̀ ti bàjẹ́, a ó ní láti lu òmíràn.
Ó jù ú sápò épírọ́ọ̀nù, ó padà sídìí ànàmọ́ rẹ̀.
Ó bó ọ̀kan tán. Ó bó èkejì.

“Ó sọ fún mi,” ló wí,
“pé òun rí i lọ́wọ́ Radim.”